Alùpùpù tó ti pẹ́ nílẹ̀: kí oníṣòwò tó ná owó lé e lórí

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ni òfin tó ní kí ọ̀kadà má ṣe gbé èrò mọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà nípìnlẹ̀ Èkó. Surulere wà lára wọn, Lagos Mainland tí Yaba wà náà wà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó kan Mushin. Látìgbà náà ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ti wà lẹ́yìnkùlé tí eruku ń bò wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni wọ́n ń sanwó fún ẹlòmíràn kó tó bá wọn gbé ọjà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Lóòótọ́ ni pé èyí tó ń gbé ẹrù kọ́ ni òfin náà dojú kọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n gbà lọ́dún 2022 ni ìjọba fi ẹ̀rọ rún wómúwómú. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, kó má tíì pe mẹkáníìkì.

Epo ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Bẹntiróòlù tó bá ti wà nínú táǹkì fún ọ̀pọ̀ oṣù, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á ti fẹ́ lọ, ìyókù á wá ki bí oje igi, á sì dí àwọn ihò tíntìntín inú kábúrétọ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo sì ti gbówó lórí, ó ń ṣe àwọn èèyàn bíi kí wọ́n da tuntun lé ògbólógbòó. Àdánù gbáà ni. Kí wọ́n gbọ́n gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n wo ìpẹtà inú táǹkì, kí wọ́n tú kábúrétọ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wáyà kọ́ ni wọn yóò fi gún ihò náà o, nítorí bó bá fẹ̀ sí i, epo ni yóò máa mu bí omi.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Kí wọ́n má sáré tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rọra fi ọwọ́ tẹ kíìkì láì tíì dá púlọ́ọ̀gì padà. Bó bá lọ, ó dára. Bó bá gan, kí wọ́n má fi agbára mú un: ìpẹtà ti mú rín-ìn-gì mọ́ sìlíńdà nìyẹn, mẹkáníìkì ló kàn. Bí owó títú ẹ́ńjìnnì bá sì fẹ́ẹ̀ tó iye tí wọ́n ń ta alùpùpù àlòkù, títà ló sàn jù.

Ọ́ìlì àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ jáde, torí omi ti ń kóra jọ sínú rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tuntun kò wọ́n. Kí wọ́n ṣí àlẹ̀mọ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, eku fẹ́ràn ibẹ̀. Táyà tó bá ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ti wù kó nípọn tó, kò ṣeé gbé ẹrù lé, bíréèkì sì gbọ́dọ̀ mú kó tó jáde sójú títì.

Bó bá ta, èéfín á kọ́kọ́ yọ, ọ́ìlì tí wọ́n kán sínú rẹ̀ ló ń jó. Bí èéfín náà kò bá lọ lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, rín-ìn-gì ni kí wọ́n ní kí mẹkáníìkì wò.