Yíyan Amọ́ìlìgbóná fún Ọkọ̀ Eré-Ìje: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí Tó Jẹ Mọ́ Ooru àti Kíki

1. Ìfáárà

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, kì í ṣe pé a kàn ń ṣíná sí ọkọ̀ eré-ìje kí ó sì gbéra. A ní láti kọ́kọ́ mú ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná. Ní pápá Silverstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí a ti sá ìje àkọ́kọ́ nínú ìdíje àgbáyé Formula 1 ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1950, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu kí afẹ́fẹ́ àárọ̀ oṣù Kẹta má gbóná tó 10 dígírì Celsius. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń mú ọ́ìlì gbóná nírú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Yíyan ẹ̀rọ náà gba ìmọ̀ físíìsì díẹ̀, ó sì gba ìṣọ́ra púpọ̀ nínú ìlò ọ̀rọ̀. Ìdí ni pé epo, wúwo àti gbóná, tí gbogbo ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ru èrò tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ògbufọ̀ tí kò bá ya àwọn èrò wọ̀nyí sọ́tọ̀ lè kọ gbólóhùn tí gírámà rẹ̀ pé, tí yóò sì ba ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye jẹ́. Iṣẹ́ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí èdè kan náà lè wọ ìsọ̀ mẹkáníìkì láì jẹ́ kí ìtumọ̀ sọnù lójú ọ̀nà.

2. Orúkọ ẹ̀rọ náà

Ìlànà tí a fi ṣẹ̀dá 'amúlétutù' wà nílẹ̀ láti tẹ̀ lé: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe mú, ọ̀rọ̀-orúkọ kan, àti ọ̀rọ̀-ìṣe kejì. Bí a bá fi epo sí ipò ọ̀rọ̀-orúkọ, 'amépogbóná' ni yóò jáde. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó sì bá òfin ìpajẹ fáwẹ̀lì mu.

Síbẹ̀, ewu wà nínú rẹ̀. Ní ilé ìdáná, epo pupa ni epo. Ní ilé epo, bẹntiróòlù ni. Awakọ̀ tí ó bá ní epo ti tán nínú ọkọ̀ òun, bẹntiróòlù ni ó ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka 'amépogbóná' nínú ìwé ìtọ́sọ́nà lè gbà pé inú táǹkì bẹntiróòlù ni a ń ti ẹ̀rọ náà bọ̀, ọṣẹ́ tí èyí lè ṣe kò sì nílò àlàyé. Àwọn mẹkáníìkì kò ní ìṣòro yìí. Ọ́ìlì ni wọ́n ń pe èyí tí ń jẹ́ kí irin yọ̀ lára irin, epo sì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Nítorí náà, 'amọ́ìlìgbóná' ni ó yẹ. Ọ̀rọ̀ àyálò wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí ó yéni yékéyéké sàn ju ti ìbílẹ̀ tí ó lè dáná sun ilé lọ. Ó tún ní ìkejì tí ó bá a mu, èyíinì ni 'amọ́ìlìtutù', ẹ̀rọ tí ń bu ooru kúrò lára ọ́ìlì nígbà tí ìje bá wọra. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè nílò méjèèjì láàárín wákàtí kan náà.

3. Kíki kì í ṣe ìwúwo

Ọ̀pọ̀ a máa sọ pé ọ́ìlì tí kò tètè ṣàn 'wúwo'. Ìdánwò kékeré kan ní kíláàsì lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lítà kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wọn bíi 0.87 kílógíráàmù, lítà kan omi wọn bíi 1 kílógíráàmù. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, ọ́ìlì yóò léfòó. Ṣùgbọ́n bí a bá da ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú àrọ kan náà, omi ni yóò kọ́kọ́ jò tán. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ, síbẹ̀ ó ki jù ú lọ. Kíki, nígbà náà, ni bí ohun olómi ṣe ń tako ìṣàn tó. Ìwúwo-ní-lítà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn.

Àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe nítorí àmì tí ó wà lára agolo ọ́ìlì, bíi 10W-60. Àjọ SAE ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó gbé ìlànà náà kalẹ̀. W inú rẹ̀ kò dúró fún ìwúwo rárá. Ìgbà òtútù ni ó ń tọ́ka sí. 10W sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣe nínú òtútù, 60 sì sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100 dígírì. Orúkọ ipò ni àwọn nọ́ńbà náà, wọn kì í ṣe ìwọ̀n kíki fúnra rẹ̀. Ní 100 dígírì, kíki ọ́ìlì onípò 30 kò gbọdọ̀ dín sí 9.3 mm²/s, kò sì gbọdọ̀ dé 12.5, ti onípò 60 bẹ̀rẹ̀ láti 21.9, kò sì gbọdọ̀ dé 26.1. Omi ní 20 dígírì kò ju bíi 1 lọ. Ọ́ìlì onípò 30 tí kíki rẹ̀ jẹ́ bíi 11 ní 100 dígírì lè súnmọ́ 100 ní 40 dígírì. Ní 10 dígírì, ó tún ki ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ṣe pàtàkì fún awakọ̀. Bí ọ́ìlì bá ki jù, páǹpù kò ní lè fà á dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó bá sì fà yóò gba ojú ihò àbò padà láì dé ọ̀dọ̀ bíárìn. Lójú òṣùwọ̀n, ìfúnpá yóò ga. Awakọ̀ yóò rò pé ara ẹ́ńjìnnì le koko. Ìfúnpá kì í ṣe ìṣàn. Ìfúnpá gíga ní àárọ̀ olótùútù lè jẹ́ àmì pé ọ́ìlì kò ráyè kọjá. Ìwé tí ó bá fi 'agbára ọ́ìlì' túmọ̀ méjèèjì ti pa ìkìlọ̀ náà rẹ́.

4. Ooru, ìwọ̀n-ìgbóná àti wáàtì

Èrò mẹ́ta ni 'gbóná' ń gbé pọ̀. Ìwọ̀n-ìgbóná ni ohun tí a ń fi dígírì kà. Ooru ni iye tí a ní láti fi kún ọ́ìlì kí ìwọ̀n-ìgbóná rẹ̀ tó gòkè, júùlù ni a sì fi ń kà á. Wáàtì ni iye júùlù tí amọ́ìlìgbóná ń fúnni ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan.

Bí àpẹẹrẹ, ká ní táǹkì ọkọ̀ kan gba lítà 10, a sì fẹ́ mú ọ́ìlì rẹ̀ láti 10 dígírì dé 60. Ọ́ìlì náà wọn bíi 8.7 kílógíráàmù, kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń gba bíi kílójúùlù 2 fún dígírì kan. Ooru tí a nílò jẹ́ 8.7 × 2 × 50, èyíinì ni kílójúùlù 870. Amọ́ìlìgbóná oní-500 wáàtì yóò lo bíi ìṣẹ́jú 29. Oní-250 wáàtì yóò lo bíi 58. Níwọ̀n bí táǹkì ti ń jẹ́ kí ooru sá sínú afẹ́fẹ́, àkókò náà yóò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé oní-wáàtì púpọ̀ ni ó dára jù nígbà náà? Rárá. Ní ìgbà ọyẹ́, epo pupa a máa dì. Ìyá tí ó mọ ilé ìdáná kì í kó o lé orí iná tí ń jó bùlàbùlà. Ó ń gbé e sínú oòrùn tàbí sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nítorí pé lórí iná líle, ìsàlẹ̀ á ti jó kí òkè tó yọ́. Dídì epo pupa àti kíki ọ́ìlì kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa iná bá àwọn méjèèjì mu. Ọ́ìlì kì í tètè gbé ooru kúrò níbi tí ó ti bà á. Bí wáàtì 500 bá ń jáde láti ara irin tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 50 cm² lọ, wáàtì 10 ni ó kan cm² kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì tí ó kàn án yóò sì jóná di èédú. Bí fífẹ̀ náà bá jẹ́ 200 cm², wáàtì 2.5 péré ni. Bíi 2 sí 3 dára fún ọ́ìlì. Ti omi lè kọjá 10 láì ní ewu. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ lo irin ìbomigbóná nínú táǹkì ọ́ìlì, bí wáàtì wọn tilẹ̀ dọ́gba. 'Wáàtì-ojú' ni a lè pe ìwọ̀n yìí.

5. Oríṣi mẹ́ta

(i) Atìbọ̀. Irin rẹ̀ ń wọ inú ọ́ìlì gan-an, nítorí náà ooru kì í ṣòfò. Wáàtì-ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, ọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá kí a tó tan iná sí i.

(ii) Àlẹ̀mọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí ó ní wáyà nínú ni, a sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí táǹkì lóde. Kò nílò ihò, ṣùgbọ́n ojú táǹkì gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí ó sì mọ́ tónítóní. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ jó.

(iii) Amómiyíká. Omi inú ẹ́ńjìnnì ni èyí ń mú gbóná tí ó sì ń fi páǹpù yí ká. Àǹfààní rẹ̀ hàn nínú ẹ́ńjìnnì alumíníọ́ọ̀mù. Alumíníọ́ọ̀mù ń fẹ̀ ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì irin. Bí ihò bíárìn alumíníọ́ọ̀mù bá fẹ̀ tó 50 mm, tí a sì mú un gòkè ní 60 dígírì, yóò fi bíi 0.033 mm fẹ̀ ju ọ̀pá irin inú rẹ̀ lọ. Nígbà tí àlàfo bíárìn lè jẹ́ bíi 0.05 mm, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ Formula 1 fi ń fa omi gbígbóná gba inú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó ṣí i.

Èyíkéyìí tí a bá yàn, ó yẹ kí ó ní aṣọ́-ìgbóná tí yóò pa iná fúnra rẹ̀. Mímú táǹkì nìkan gbóná kò sì tó, nítorí páìpù àti bíárìn ṣì tutù. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà iná, ó dára kí a yí páǹpù láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo, títí ọ́ìlì gbígbóná yóò fi dé ibi gbogbo.

6. Iná mànàmáná

Ìwé Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ nípa 120 fóltì; iná ilé ní Bìrìtéènì jẹ́ 230. Bí a bá ki amọ́ìlìgbóná 120 fóltì, oní-250 wáàtì, bọ ojú iná 230 fóltì, wáàtì rẹ̀ yóò di bíi 900, nítorí pé bí fóltì ti ń pọ̀ ni iná tí ń gba inú wáyà náà ń pọ̀. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fo fóltì dá. Bàtìrì ọkọ̀ náà kò yẹ fún iṣẹ́ yìí: 500 wáàtì lójú 12 fóltì ń fẹ́ bíi 42 áńpíà, bàtìrì yóò sì ti rọ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Fún táǹkì lítà 10 tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, àlẹ̀mọ́ oní-500 wáàtì, 230 fóltì, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 200 cm², tí ó sì ní aṣọ́-ìgbóná, yóò ṣe iṣẹ́ náà láàárín bíi wákàtí kan. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a fi dé ibẹ̀ nìwọ̀nyí:

amọ́ìlìgbóná: ẹ̀rọ tí ń mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbóná
kíki: títako ìṣàn
ìwúwo-ní-lítà: iye tí lítà kan ohun kan wọn
ìfúnpá: títì tí ohun olómi ń ti ara ohun tí ó gbà á
ìṣàn: iye ohun olómi tí ń kọjá láàárín àkókò kan
ìwọ̀n-ìgbóná: ohun tí a ń fi dígírì kà
ooru: ohun tí a ń fi júùlù kà
wáàtì-ojú: iye wáàtì tí ó kan cm² kan
aṣọ́-ìgbóná: ohun tí ń pa iná nígbà tí ìwọ̀n-ìgbóná bá dé ibi tí a fi sí

Olùkọ́ lè fi omi, ọ́ìlì, àrọ kan àti òṣùwọ̀n kan kọ́ni ní ìdajì wọn láàárín ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó fúyẹ́ tí ó sì ki, kò ní pe kíki ní ìwúwo mọ́.