Kìnnìún Vienna

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe Nat Lofthouse ní Kìnnìún Vienna? Ọmọ mi tó fẹ́ jọ ọ́ kì í fẹ́ sinmi, bó tilẹ̀ fi orí gbá nǹkan. — Ìyá Agbábọ́ọ̀lù

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, màmá wa. Ní 1952, nígbà tí Lofthouse, atamátàsé ọmọ Bolton tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún England, akin tí í dá gìrì bá ogun, sáré gbá bọ́ọ̀lù wọlé Austria ní Vienna, aṣọ́lé kọlù ú, ó sì dákú. Síbẹ̀ ó padà sórí pápá, England sì fi 3 sí 2 borí. Ìgboyà yìí ló sọ ọ́ di Kìnnìún Vienna. Mo bọlá fún un. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kú, ìṣe ò tán: ọpọlọ tó mì ń fẹ́ ìsinmi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín padà sí pápá lọ́jọ́ tó bá fi orí gbá nǹkan. Bó bá dákú tàbí tó ń bì, ẹ gbé e lọ bá dókítà kíákíá.