Òórùn Ọsàn, Ara Èèpo Ló Wà

Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ fi ọsàn ṣe nǹkan dídùn fún àwọn ará ilé rẹ, má jẹ́ kí ọlọ́sàn bá ọ bó o. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn yá. Mo sì mọ bí ó ti máa ń dùn mọ́ wa kí wọ́n bó o, kí wọ́n gé orí rẹ̀, kí a máa fà á mu láti ẹ̀gbẹ́ báró wọn títí a ó fi délé. Ìyẹn dára fún mímu. Ṣùgbọ́n èèpo tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́bàá títì yẹn gan-an ni ó ń mú kí kéèkì ta sánsán. Omi inú ọsàn ní adùn, ó sì kan díẹ̀. Òórùn rẹ̀, èyí tí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi máa ń béèrè pé, “Kí lẹ ń sè níbẹ̀ yẹn?”, inú òróró tó sápamọ́ sára èèpo òde ni ó wà. Fi èékánná ha èèpo ọsàn díẹ̀, kí o gbé e sí imú, wàá mọ ohun tí mo ń wí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rò pé èèpo yìí wúlò ju kí a sá a sóòrùn, kí a fi dáná tàbí kí a sun ún láti lé ẹ̀fọn lọ. Ó ń ṣe ìyẹn náà. Àmọ́ èmi fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú oúnjẹ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé o ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń bó ọsàn: ọ̀bẹ tó mú, ọwọ́ tó fúyẹ́, kí èèpo náà jáde fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má já, kí ara funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ má fara gbọgbẹ́. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ń ra irin kékeré kan torí kí wọ́n lè rí èèpo òde yẹn ha kúrò láìkan funfun. Ọwọ́ tìrẹ ti tó láti ṣe é. Ìdí tí funfun yẹn fi gbọ́dọ̀ dúró ni pé ó korò, kò sì sí iye ṣúgà tí ó lè bo ìkorò náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Nítorí ìdí kan náà, má ju odindi ọsàn sínú bùlẹ́ńdà. Bí ó bá ti fọ́ kóró àti funfun pọ̀ mọ́ omi, ohun tí o gbé kalẹ̀ yóò korò, yóò sì túbọ̀ máa korò sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́. Fún omi rẹ̀ lọ́wọ́, kí o fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kejì ni ọsàn máa ń pọ̀ jù nílùú Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ìpínlẹ̀ Benue, láti agbègbè Gboko, Vandeikya, Konshisha àti Ushongo, níbi tí àwọn Tiv ti ń gbìn ín. Ti ilẹ̀ Yorùbá náà wà níbẹ̀. Àní oríṣi kan wà tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè ní Agege 1, orúkọ Agége tiwa níbí ni wọ́n fún un. Bí ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé bá lè dáwó pọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ní Onípánù, kí ẹ gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí ọjà èso ní Kétu, kí ẹ ra àpò kan, kí ẹ pín in. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjà Bàrígà ní òpópónà Jagunmólú tó ọ. Ṣáà sọ fún ìyá ọlọ́sàn pé o kò fẹ́ bíbó.

Má fi àwọ̀ yan ọsàn. Òtútù òru ni ó máa ń mú kí àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo, òru tiwa kò sì tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọsàn wa lè gbó, kí ó dùn bí oyin, síbẹ̀ kí ara rẹ̀ ṣì jọ ewé. Ìwúwo ni kí o fi yàn án. Gbé méjì tó tóbi dọ́gba sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí o mú èyí tó wúwo. Èyí tó fúyẹ́ ti gbẹ nínú. Èyí tí ara rẹ̀ dán, tí kò sì le gbagidi, ni omi rẹ̀ máa ń pọ̀. Bí o bá délé, má so wọ́n pa sínú ọ̀rá, nítorí wọn yóò làágùn, wọn yóò sì hu. Inú apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kí o kó wọn sí.

Nísinsìnyí tí èèpo ti di oúnjẹ, fífọ̀ rẹ̀ di dandan. Ọsàn yẹn jókòó nínú ọkọ̀ láti òkè ọya wá, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ sì ti kàn án. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, iyọ̀ díẹ̀, kànrìnkàn tuntun. Fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ abọ́, ṣàn án, kí o sì nù ún gbẹ.

Nínú gbogbo ohun tí mo ń fi ọsàn ṣe, èyí tí mo fẹ́ràn jù kò béèrè èlò kéèkì kankan, búrẹ́dì Agége ti àná ni a fi ń ṣe é. O mọ̀ pé búrẹ́dì yẹn kò ní àfiwé ní ọjọ́ tí ó jáde nínú ààrò, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti mọ́ sí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le nìyẹn. Má kó o dànù. Ya á wẹ́wẹ́ títí yóò fi kún agolo mílíìkì mẹ́jọ, láìkì í mọ́lẹ̀. Fi gréètà tí o fi ń rin ewùrà rin èèpo òde ọsàn méjì, ojú rẹ̀ tó kéré jù ni kí o lò, kí o sì dúró bí o bá ti rí funfun. Da ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́rin lé èèpo náà lórí, kí o wá fi ìka rẹ pò wọ́n pọ̀, kí o máa fún wọn mọ́ra. Jọ̀ọ́, má fo ibí yìí. Ṣúgà ni yóò fa òróró inú èèpo jáde. Wàá rí i tí ṣúgà náà yóò rin, tí yóò yí àwọ̀ padà, tí ilé ìdáná yóò sì gba òórùn kan lójú ẹsẹ̀.

Lu ẹyin mẹ́ta, da mílíìkì olómi agolo kan sí i pẹ̀lú omi agolo kan àbọ̀, kó ṣúgà ọlọ́sàn rẹ sínú rẹ̀, fi iyọ̀ bíńtín sí i, kí o da gbogbo rẹ̀ sórí búrẹ́dì. Jẹ́ kí ó rẹ fún ogún ìṣẹ́jú. Fi bọ́tà pa inú agolo tàbí abọ́ tí o fi ń se mọ́ínmọ́ín, bù ú sínú wọn, má jẹ́ kí ó kún dé ẹnu, kí o fi ewé eéran bo orí rẹ̀ kí omi orí ìdérí má baà máa kán sí i. Tò wọ́n sínú ìkòkò, omi kékeré nísàlẹ̀, iná tí kò pọ̀ jù, bí o ṣe ń se mọ́ínmọ́ín gẹ́lẹ́. Láàárín ogójì sí àádọ́ta ìṣẹ́jú, yóò ti dì.

Ṣé o rí i pé n kò ní kí o da omi ọsàn sí i? Omi kíkan inú ọsàn máa ń mú kí mílíìkì dì kúlúkúlú. Orí búrẹ́dì náà ni omi ọsàn ń lọ. Fún omi ọsàn mẹ́rin, sẹ́ ẹ, fi ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sí i, kí o gbé e kaná, kí ó máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí. Lo ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà. Ìkòkò alumíníọ́mù kì í bá ohun kíkan ṣe dáadáa, ó máa ń mú kí ó ní ìtọ́wò irin lẹ́nu. Yí búrẹ́dì náà sínú àwo, kí o da omi ọsàn gbígbóná lé e lórí. Fún àlejò ọjọ́ Àìkú, fún ọmọ tó ti ilé ìwé dé, fún ọkọ tí kò fẹ́ jẹun, kò sí ẹni tí n kò ní gbé e síwájú.

Kéèkì náà ń bọ̀, má rò pé mo gbàgbé, kì í sì í ṣe dandan kí o ní ọ́fùn. Da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sínú ìkòkò ńlá kan, kí ó ga tó ìka méjì, fi agolo pẹlẹbẹ kan sí àárín rẹ̀, dé e, kí o sì jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bọ́tà 250 gíráàmù àti ṣúgà agolo mílíìkì kan àbọ̀ ni wàá pò títí yóò fi funfun, tí yóò sì fúyẹ́. Èèpo òde ọsàn mẹ́ta wà nínú ṣúgà yẹn, o ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹyin mẹ́rin tẹ̀ lé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà fuláwà agolo méjì àbọ̀ tí o ti sẹ́ pọ̀ mọ́ béékìn páúdà ṣíbí tíì méjì, àti omi ọsàn ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Gbé páànù rẹ sórí agolo inú ìkòkò náà, dé e pa, dín iná kù gan-an. Má ṣí i kí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó pé, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń yún ọ. Lẹ́yìn náà, fi igi tín-ín-rín kan gún àárín rẹ̀. Bí ó bá jáde láìní nǹkan kan lára, kéèkì rẹ ti jiná.

Bí ọwọ́ rẹ kò bá gba gbogbo wàhálà yìí lọ́jọ́ kan, bó ọsàn, kí o gé funfun rẹ̀ kúrò pátápátá, gé e ní pẹlẹbẹ, yọ kóró rẹ̀, kí o rin àgbọn tútù lé e lórí, kí o ro oyin díẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ó jókòó fún ìdajì wákàtí. Tí iná mànàmáná bá wà, gbé e sínú fíríìjì. Tí kò bá sí, ra yìnyín, kí o gbé abọ́ náà lé e lórí. Ọsàn tútù tí a kò sè yìí ni ó máa ń ṣara lóore jù, nítorí pé iná máa ń ba fítámì C jẹ́. Ọsàn kan tó tóbi níwọ̀n lè ní nǹkan bí 70 mílígíráàmù fítámì náà, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí àgbàlagbà obìnrin nílò lóòjọ́.

Àwọn èèpo tó bá ṣẹ́kù, má jẹ́ kí wọ́n ṣòfò. Nígbà yìí, èèpo tó nípọn, tòun ti funfun rẹ̀, ni mo fẹ́. Fi ọ̀bẹ la ara ọsàn sí mẹ́rin, kí o fi ọwọ́ ṣí èèpo náà kúrò, gé e ní gbọọrọgbọọrọ. Sè é nínú omi, da omi náà nù, kí o tún un ṣe títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìkorò rẹ̀ ń bá omi lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ṣúgà agolo kan, omi agolo kan, èèpo ọsàn mẹ́rin, iná kékeré, títí èèpo náà yóò fi mọ́ gaara. Sá a lórí asẹ́ mọ́jú, kí o yí i nínú ṣúgà. Ẹni tó bá fẹ́ràn baba dúdú yóò fẹ́ràn èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣọrẹ níbi ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ kò ní láti lọ jìnnà. Ṣómólú tó wà nítòsí wa níbí jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí jù ní Èkó. Wọ ibẹ̀, lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe páálí kékeré, wọn yóò tẹ orúkọ ìyàwó sí i lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di títà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ àjọ NAFDAC ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Lọ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o tó náwó sórí páálí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, mi ò sì fẹ́ kí o fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí o bá rí gírépù (grapefruit) lọ́jà tó pọ̀ ju ọsàn lọ, o lè rò pé kí o fi í dípò. Gírépù máa ń bá àwọn oògùn kan jà, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn, tí oògùn náà yóò wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ara. Kì í sì í ṣe ohun tí a lè mọ̀ nípa wíwo ojú ẹni tó ń lò ó. Bí màmá tàbí bàbá bá ń lo oògùn lójoojúmọ́, bi wọ́n léèrè, kí o bi apòògùn wọn pẹ̀lú, kí o tó gbé e fún wọn. Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, bó ọsàn tútù kan ṣoṣo fún un, kí kéèkì jẹ́ ti àwa yòókù.