Ẹ̀kọ́ Kẹfà: Gbangba Làṣá Ń Ta — Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Láti Mọ̀

Kókó ẹ̀kọ́: Ohun ìní gbogbo ènìyàn ni ìrànwọ́ ìjọba; ó tọ́ kí gbogbo ènìyàn mọ bí a ṣe pín in.

Ìtàn ẹ̀yìn

Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú òfin kónílé-ó-gbélé dé. Ọ̀nà dá páropáro, ọjà tì pa. Àgbẹ̀ kórè tán, kò rí ọkọ̀ tí yóò kó irè rẹ̀. Ìrànwọ́ tí ó bá dé lẹ́yìn irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò fi padà sóko.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò NG-CARES, kí àwọn ìpínlẹ̀ lè ran aláìní, àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré lọ́wọ́. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tí ó gba ajílẹ̀ àti ẹni tí kò gba nǹkan kan ni yóò jọ san gbèsè náà. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Ewu àṣírí

Ní oṣù Ọ̀wàwà 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, èrò já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, Jos, Kàdúná àti Àbújá, wọ́n sì kó oúnjẹ ìrànwọ́ lọ. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ṣì ń ṣètò pípín rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ní wọ́n fi pa mọ́ ni. Ìwà jàgídíjàgan lòdì sí òfin. Síbẹ̀, ká ní iye ẹrù tí ó wọlé àti ọjọ́ tí a ó pín in ti wà lójú pátákó, àhesọ ì bá má rí ibi dúró sí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ náà ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹni náà lè lọ sí ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ 30. Ní ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni: nọ́ńbà àkáǹtì àgbẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹgbẹ́ kọ ránṣẹ́: Kí ni ó dé? Mélòó ni? Ta ni ó gbà á? Ọjọ́ wo ni?

Kí ẹgbẹ́ sì kọ́kọ́ tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Bí 20 àpò ajílẹ̀ bá tọwọ́ alága wá, tí ẹbí rẹ̀ tí kò ní ebè kan sì gba 5 nínú rẹ̀, òjò yóò rọ̀ tán kí ajílẹ̀ tó dé oko àwọn tí a fi dù. Ẹgbẹ́ tí kò lè ka orúkọ àwọn tí ó gba nǹkan sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé kò lẹ́nu láti bi ìjọba. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Níbo ni ẹgbẹ́ yín ń lẹ orúkọ àwọn tí ó gba ìrànwọ́ mọ́?
2. Àwọn wo ni yóò kọ lẹ́tà ìbéèrè ní orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ wo ni wọn yóò sì jábọ̀?
3. Kí ni ẹ ó ṣe bí ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ bá wọ inú ìwé orúkọ àgbẹ̀?