Bí Abẹ́rẹ́ Oníṣègùn Eyín Ṣe Ń Dá Ìrora Dúró

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí olùkọ́ lè ṣàlàyé ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń bẹ̀rù. Ọ̀kan nínú wọn ni yíyọ eyín.

Ìrora dàbí iṣẹ́ tí a rán. Ẹ jẹ́ kí a fi Ìkìrun ṣe eyín tí ń dun ni, kí a sì fi Òkukù ṣe ọpọlọ. Oníṣẹ́ gbéra ní Ìkìrun, ó gba Inísà, ó ń lọ sí Òkukù. Bí a bá dá a dúró ní Inísà, ìbáà ṣe pé ilé ń jó ní Ìkìrun, Òkukù kò ní gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni abẹ́rẹ́ náà ń ṣe: kò wo eyín sàn, ojú ọ̀nà ni ó dí.

Iṣan ìmọ̀lára ní ẹnu-ọ̀nà kéékèèké. Bí iṣẹ́ bá ń kọjá, sodium, èyí tí ń bẹ nínú iyọ̀ ọbẹ̀, a máa gba ibẹ̀ wọlé. Oògùn náà a wọ inú iṣan, a sì ti inú dí ẹnu-ọ̀nà. Ìrora a kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ni a fi ń mọ̀ pé a ń fa eyín, síbẹ̀ tí kò dun ni. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti wú tí ó sì gba ọyún, oògùn kì í ràn dáadáa. Ẹ má ṣe dúró dìgbà náà.

Ní 1884 ni Karl Koller fi cocaine ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Vienna, ṣùgbọ́n cocaine a máa di bárakú. Ní 1943 Nils Löfgren ṣe lidocaine ní Sweden, èyí tí ó wọ́pọ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n àṣejù kò dára. Àwọn olùwádìí rí i lára sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ara iṣan wá pé bí lidocaine bá pọ̀jù, a máa ta ẹ́ńsáìmù kan jí, tí a ń pè ní p38, sẹ́ẹ̀lì a sì máa kú. Nígbà tí wọ́n ká ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ kò, ikú náà dínkù. Nínú ara ènìyàn, àpọ̀jù rẹ̀ lè fa gìrì, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi ń wo ìwọ̀n ara kí ó tó fa oògùn, tí kò sì yẹ kí a gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́.

Kí olùkọ́ sì kìlọ̀ fún ọmọ tí ó ti ibẹ̀ dé pé kí ó má jẹun títí ètè rẹ̀ yóò fi jí, kí ó má bàa gé e jẹ láìmọ̀.

Ìbéèrè: (1) Ibo ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́? (2) Èéṣe tí a fi ń wo ìwọ̀n ara?