Bí Ẹ̀rọ Bá Kọ̀ Láti Gbé Ilẹ̀kùn Ilé Ìkẹ́rùsí

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ilé ìkẹ́rùsí yín ní Fọlá Àgòrò bá ní ilẹ̀kùn tí iná mànàmáná ń gbé sókè, tí ó sì kọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí tòmátì kún inú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ipá tì í. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí iná bá rẹlẹ̀ púpọ̀ sí 230 fólítì, ẹ̀rọ a máa kùn, kò ní lè yí.

Bí iná bá pé, ẹ pa á. Nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà nílẹ̀ pátápátá ni kí ẹ tó fa okùn pupa tí ń já ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ gbé e. Bí ó bá fúyẹ́, inú ẹ̀rọ ni àrùn wà: bí ó bá ń kùn lásán, kapasítọ̀ ni a sábà ń fura sí, bí ó bá ń yí tí ẹ̀wọ̀n kò rìn, eyín jíà ti jẹ tán.

Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá wúwo jù, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ti já. Òun gan-an ni ó ń ru ìwúwo ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi láìṣẹ̀. Agbára inú rẹ̀ lè ṣẹ́ apá ènìyàn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n, bí tòmátì tilẹ̀ ń jẹrà.