Ọlọ́pàá àti Ará Ìlú: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Yí Padà?

Bíbélì Kíkà: Lúùkù 3:10–14

Ìfáàrà
Ní gbogbo ọdún tí a fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, bí ọlọ́pàá bá wọ ọgbà ilé-ìwé, àwọn ọmọ kéékèèké a sá sẹ́yìn wa. Ta ló kọ́ wọn? Àwa ìyá ni. Bí ọmọ bá kọ oúnjẹ, a óò ní, “Ọlọ́pàá ń bọ̀ wá gbé ọ.” Ǹjẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò sáré tọ ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ tí olè bá wọlé?

1. Ibi tí ẹ̀rù ti wá
Ẹ̀rù náà ti pẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, àwọn Haúsá tí ìjọba Èkó fi ṣe ọlọ́pàá wà lára àwọn tí ó gbógun tì wá. Ìbọn ni wọ́n fi kí àwọn baba wa.

Ọgbẹ́ tuntun tún wà. Ní Ṣágámù, tí kò jìnnà sí wa, Tiamiyu Kazeem, agbábọ́ọ̀lù Remo Stars, kú ní oṣù kejì ọdún 2020 lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá mú un. Mọ́tò ló gbá a. Ará ìlú fi ẹ̀hónú hàn, ẹ̀mí sì tún ṣòfò. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ dìde káàkiri Nàìjíríà títí ìjọba fi tú SARS ká, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a dá sílẹ̀ láti kojú adigunjalè.

2. Ohun tí òfin sọ
Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé:
(a) A kò gbọdọ̀ mú ìyá dípò ọmọ, tàbí ìyàwó dípò ọkọ.
(b) A kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan.
Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn ń kéde pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

3. Ẹ̀bi tiwa
Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Nígbà kan, àwa fúnra wa mú ọlọ́pàá lọ bá arábìnrin kan tí ó jẹ wá lówó àjọ. Owó náà wọlé, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó bá wa gbà á. Arábìnrin náà kò kí wa mọ́ títí ó fi kú. Ẹni tí ó gba owó wa láti dẹ́rù ba aládùúgbò wa lónìí, yóò gba ti ẹlòmíràn láti dẹ́rù ba ọmọ wa lọ́la.

Nínú Bíbélì tí a kà, Jòhánù kìlọ̀ fún àwọn ológun kí wọ́n má fi ipá gba nǹkan, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ará ìlú ni ó kọ́kọ́ dá lóhùn.

4. Ohun tí a lè ṣe
(a) Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa lọ kí DPO tuntun kí wàhálà tó dé. Ìlú mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọn kò mọ̀ wá.
(b) Kí a rán aṣojú sí ìpàdé PCRC, níbi tí ọlọ́pàá àti ará ìlú ti ń jíròrò.
(d) Bí a bá mú ọmọ wa, kí a má dá lọ. Kí a béèrè ẹ̀sùn rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí a má sanwó béèlì.
(e) Ọ̀rọ̀ gbèsè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tàbí kóòtù.
(ẹ) Ọlọ́pàá tí ó ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ọ̀gá rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọlọ́pàá kò lè mú olè bí a kò bá sọ ohun tí a rí. Àwa náà kò sì ní sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni a ti sọ fún àwọn ọmọ wa nípa ọlọ́pàá?
2. Ta ni a ti fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ rí, tí ó yẹ kí a lọ bẹ̀?